Orúkọ Tí Bàbá Fi Pamọ́ Sínú Kọ̀ǹpútà

Ọkọ mi ní àìsàn kan tí dókítà ò lè wò. Bí ó bá rí ohun tó bàjẹ́, àfi kó tún un ṣe, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí n má parọ́, èmi náà ní in. Bàbá ọkọ mi, Bàbá Ọlọ́runyọmí, ló kó o ràn wá.

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí wọ́n mú mi láti Òṣogbo wá sí Odode, ní Ìdànrè, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá pe èmi àti Olúwalóṣèyí ọkọ mi jókòó. Ó ní bí ẹnìkan nínú wa bá rí àṣìṣe ẹnìkejì, kó bá a tún un ṣe, kó sì pa ẹnu mọ́. Pé ariwo ló ń tú ilé, kì í ṣe àṣìṣe. Ọ̀rọ̀ náà dára. Wàhálà rẹ̀ kan ni pé a gbọ́ ọ jù. Bí mo bá gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀, ọkọ mi á yọ́ wọ ilé ìdáná lọ bu ún sí i. Èmi náà á wá rántí, màá lọ bu tèmi. Bí a bá jókòó láti jẹun, kálukú á máa wo ẹnìkejì, a ó máa mu omi ṣáá, kò sì sẹ́ni tí yóò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, n kò gbọ́ èdè wọn. Wọn a pe ilé ní ulé, wọn a pe ọmọ ní ọma, ìyókù á sì sáré kọjá létí mi. Àwọn obìnrin ilé máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ń sá kòkó níwájú ilé, á gbé àga tì mí, á máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì máa dúró dè mí. Nígbà tí mo wá ní fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn rẹ̀: bí àwọn ará ilé wọn ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sí Odode, orúkọ oko, orúkọ àpáta, bí ìyá rẹ̀ ṣe fi omorogùn lé agbowó-orí jáde kúrò lágbàlá. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń gbà á. Inú kọ̀ǹpútà ilé wa ni mo ń kó gbogbo rẹ̀ sí.

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni ọkọ mi kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún tó kọjá, fláàṣì tí mo fi ń gbé ohùn láti fóònù lọ sí kọ̀ǹpútà bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì gbé ohùn oṣù mẹ́ta lọ. Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ kó. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan. Àmọ́ kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ra díìsìkì kejì, ó ti fi í sínú kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkíní, ó sì ti gbé ètò kan sí i tó ń sọ àwọn méjèèjì di dígí ara wọn. Ohun tí mo bá kọ sínú ọ̀kan, inú èkejì náà ló wà. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa báṣẹ́ lọ. Ìfẹ́ ni èmi pe ìyẹn, bí ẹni tó ṣe é ò tilẹ̀ lè fẹnu sọ ọ́.

Nínú oṣù Kẹta ọdún yìí, Bàbá ní kí n gbé fóònù wá. Abímbọ́lá, ìyàwó Olúwatóyọ̀sí ọmọ wa, ti lóyún nígbà náà. Bàbá ló ń sọ gbogbo ọmọ ilé wa lórúkọ, ṣùgbọ́n a kì í dárúkọ ọmọ tó ṣì wà nínú ikùn sétí ẹnikẹ́ni. Bàbá ní ara òun ń sọ nǹkan kan fún òun, òun ò fẹ́ kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ bá òun lójijì. Òun máa sọ ohun tó wà lọ́kàn òun nípa orúkọ ọmọ náà sínú fóònù, kí n sì jáde. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ títí di àárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo ní, "Bàbá, ó ti ń gbà o, mo ń jáde," mo sì pa ilẹ̀kùn dé. Nígbà tó pè mí padà, mo kó o sínú kọ̀ǹpútà láìgbọ́ ọ, mo pa á rẹ́ lórí fóònù kí n má baà dán ara mi wò.

Ọjọ́ kẹrin rẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá Bàbá gúnlẹ̀. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì mú ohùn lọ. Bàbá ò kàwé, nítorí náà kò sí ohun tó lè kọ sílẹ̀ fún wa. Orúkọ ọmọ wa wá ku inú kọ̀ǹpútà nìkan.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje ni Abímbọ́lá bí ọmọbìnrin ní Àkúrẹ́. Èmi ni mo wẹ ọmọ náà. Ní Mọ́ńdè, mo kó ìyá àti ọmọ wá sí Odode, nítorí Sátidé tó ń bọ̀ ni ìsọmọlórúkọ. Kí n tó tú gèlè, mo ti tan kọ̀ǹpútà, mo ṣí ibi tí ohùn Bàbá wà. Èyí tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ jẹ́ ti oṣù Kìíní.

Mo pe ọkọ mi. N ò mọ irú ohùn tí mo fi pè é, àmọ́ láti ilé ìwẹ̀ ló ti sáré dé, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀.

"Bàbá Tóyọ̀sí, kí lẹ ṣe sí ẹ̀rọ yìí?"

"Mo tún un ṣe ni," ó ní. "Àwọn díìsìkì yẹn ò jẹ́ dígí ara wọn mọ́. Mo dá a padà láàárọ̀ yìí kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó dé."

"Ṣé ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí ni?"

Ó wo ilẹ̀. "Bí ìgbà mẹ́fà. Bó bá ti kúrò ni mo máa ń dá a padà. Mi ò fẹ́ da ọkàn rẹ rú."

Èmi náà sì ti ń tún nǹkan ṣe. Láti ìgbà tó ti so díìsìkì méjèèjì pọ̀, bí mo bá tan ẹ̀rọ náà, ìlà pupa kan máa ń jáde lójú rẹ̀, á ní àkọsílẹ̀ ààlà tó wà ní ìparí díìsìkì ti bàjẹ́, ṣé kí òun tún un kọ? Màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé ọkọ mi ló ṣe àṣìṣe nígbà tó ń so wọ́n pọ̀, mi ò sì fẹ́ kó mọ̀ pé mo rí i.

"Ìgbà mélòó lo ti ní bẹ́ẹ̀ ni?" ó bi mí.

"Gbogbo ìgbà tó bá ti bi mí."

Ó wo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ náà ṣì ń da ohun inú díìsìkì kan kọ sórí èkejì. Ó ti dé ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún. Ó fa wáyà iná yọ lára ògiri.

Ẹni tí a ránṣẹ́ sí ni Lateefah, ọmọ Alhaji Súbérù tó ń ta obì. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ọjà. Ọkọ mi ló kọ́ ọ ní ilé ìwé, àmọ́ ó ti mọ iṣẹ́ ju olùkọ́ rẹ̀ lọ, inú olùkọ́ rẹ̀ a sì máa dùn sí i. Ó gbọ́ tẹnu mi, ó gbọ́ tẹnu ọkọ mi, ó sì bọ́ bàtà.

"Mọ́mì, Dádì," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún nǹkan kan ṣe mọ́. Ẹ̀yin méjèèjì."

Bàbá wà lórí àga rẹ̀ nítòsí fèrèsé, ojú rẹ̀ sì ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Lateefah kúnlẹ̀ kí i, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un bí ẹni ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ní oko kan wà. Olóko gbin pèrègún sí ìbẹ̀rẹ̀ oko láti fi mọ ààlà, ó tún gbin òmíràn sí ìparí, kó lè jẹ́ pé bí èyí iwájú bá kú, ẹ̀rí ṣì wà. Bẹ́ẹ̀ ni díìsìkì ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ààlà rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ètò tó ń sọ wọ́n di dígí náà ń wá ibi tí yóò kọ orúkọ tirẹ̀ sí, ìparí oko gan-an ló sì máa ń kọ ọ́ sí, ojú ibi tí pèrègún ẹ̀yìn wà. Bí Dádì bá kọ orúkọ dígí síbẹ̀, pèrègún á hú. Bí Mọ́mì bá tún pèrègún gbìn, orúkọ dígí á pa rẹ́. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú wọn. Ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan ni wọ́n fún ẹni méjì."

Bàbá mi orí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í rú u lójú.

Lateefah wá sọ èyí tó dun ni. Nínú oṣù Kejì, lẹ́yìn ìgbà kan tí mo dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, díìsìkì kejì bọ́ sẹ́yìn. Ọkọ mi wà lóko kòkó wa ní apá Ofosu nígbà náà, kò mọ̀; nígbà tó sì dé, àìsàn Bàbá ò jẹ́ kó ráyè wo ẹ̀rọ náà. Díìsìkì kìíní nìkan ló ń gba gbogbo ohun tí mo ń kó sí i, títí kan orúkọ ọmọ. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè yìí, nígbà tí ọkọ mi ń dá dígí padà, ó yan èyí tó ti ń sùn láti oṣù Kejì gẹ́gẹ́ bí èyí tó mọ̀wé, ó ní kí èyí tó wà lójúfò máa wò ó kọ. Ohun àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bo ohun tuntun mọ́lẹ̀.

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi ni mo pa orúkọ ọmọ náà," ó ní.

Mo ti to èébú mẹ́rin sẹ́nu, mo sì mọ èyí tí màá kọ́kọ́ sọ. Mo wá wo àárín orí rẹ̀ níbi tí irun ti ń tán lọ, àti ọṣẹ tó ti gbẹ sétí rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, n kò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. "A jọ pa á ni," mo ní, mo sì jókòó tì í.

"Kò tíì kú," ni Lateefah wí. "Ìdá mọ́kànlá péré ló kọjá lórí rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ó yọ díìsìkì kìíní, ó ní òun ò ní kọ nǹkan kan sínú rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Òun máa da gbogbo ohun inú rẹ̀ kọ sínú díìsìkì mìíràn, bó ṣe rí gẹ́ẹ́, kí òun tó máa wá ohùn kiri nínú ẹ̀dà yẹn.

Odindi Túsìdeè ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Láàárín ìgbà yẹn, ọkọ mi dá ọgbọ́n tirẹ̀. Ó jókòó níwájú Bàbá, ó ń dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá lè mi orí bí ó bá gbà, ó sì lè gbọ̀n ọ́n bí kò bá gbà. Ó dárúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Olúwa, ó dárúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àdúrà, ó dárúkọ àwọn ìyá ńlá tó ti kú. Bàbá gbọnrí sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ojú, ó rẹ̀ ẹ́. A ní ó ní láti jẹ́ pé orúkọ náà jìnlẹ̀ ni.

Lọ́jọ́rú, Lateefah dé pẹ̀lú ohùn igba ó lé mẹ́rìnlá. Ọkọ mi fẹ́ jó. Lateefah ní kó dúró ná. Ibi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn fáìlì náà sí wà lára ohun tó ti bò mọ́lẹ̀. Kò sí orúkọ, kò sí ọjọ́, nọ́ńbà lásán ló kù. Àwọn mìíràn sì ti já ní àárín, Bàbá á máa sọ̀rọ̀ lọ, ohùn á sì dá gíì.

"Ẹ máa ní láti gbọ́ wọn," ó ní.

"A ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ," ni mo wí. "Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé mo sọ̀rọ̀ níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí n tó jáde. Bí a bá ń gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, màá dá a mọ̀, màá sì pa á kí Bàbá tó sọ nǹkan kan. Ohun tí a ò ní lè mọ̀ ni bóyá ó pé dé òpin. Ọjọ́ Sátidé nìkan ló máa sọ ìyẹn fún wa, lójú gbogbo ènìyàn.

Bàbá nawọ́ òsì sí kọ̀ǹpútà títí a fi gbé àga rẹ̀ wá síbẹ̀. Báyìí ni a ṣe fi ọjọ́ méjì gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Bàbá. Ó ń gbọ́ ara rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Abímbọ́lá á gbé ọmọ wá, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á sì máa fún un lọ́mú. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Olúwalóṣèyí ọmọ mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀, àmọ́ bí òrùlé mi bá jò, mi ò ní tíì sọ fún ẹnikẹ́ni tí màá fi rí i lórí àkàbà." Èyí kì í ṣe èyí tí à ń wá, mo sì fẹ́ pa á. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó lọ ń la igi ìdáná tí a ò nílò. Bàbá tẹ̀ lé e pẹ̀lú ojú títí ó fi yà sí kọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sán Fraideè, lórí nọ́ńbà kọkànléláàádọ́sàn-án, mo gbọ́ ohùn ara mi: "Bàbá, ó ti ń gbà o." Mo pa á kíákíá. Lateefah ní òun ò lè búra pé kò já.

Kó tó lọ, ó tún díìsìkì wa tò. Ó kọ́kọ́ pín wọn sí ààlà, ó jẹ́ kí pèrègún iwájú àti tẹ̀yìn dúró sí àyè wọn, inú ilẹ̀ tó wà láàárín ni ó wá fi dígí sí, kí ẹnikẹ́ni má baà tún tẹ ẹsẹ̀ ẹnìkejì mọ́lẹ̀. Ó ní bí ìlà pupa kankan bá tún jáde, kí a kọ́kọ́ pe ara wa. Ó wo ọkọ mi sọ ọ́, ó tún wo èmi.

Ní àárọ̀ Sátidé, ilé kún. Àwọn ará ìjọ wa dé nínú aṣọ funfun, alàgbà gbàdúrà lórí omi, lórí oyin, lórí iyọ̀. Lateefah àti bàbá rẹ̀ jókòó sí apá ọ̀tún. Ọkọ mi mú fóònù lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Alàgbà bi í pé kí ni orúkọ ọmọ. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn mi jáde, ilẹ̀kùn dún. Bàbá wúkọ́. Màá kọ ohun tó sọ ní irú Yorùbá tí gbogbo wa ń kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe dùn tó lẹ́nu rẹ̀.

"Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mo ti wo ilé mi. Èmi ni mo sọ gbogbo wọn lórúkọ, ó tó gẹ́ẹ́, n kò ní orúkọ kan mọ́. Àmọ́ obìnrin kan dé bá wa nílé yìí, kò gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ó jókòó tì mí, ó ń gbọ́ mi. Àwọn ọmọ tí mo bí fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n wọn ò ráyè gbọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ilé tó báyìí, ó ti di onílé. Òun ni kó sọ ọma yìí lórúkọ. Ohun tó bá pè é ni mo pè é. Mo ní kó jáde nítorí mo mọ̀ ọ́n, á ní òun ò tó bẹ́ẹ̀. Olúfúnmilọ́lá, o tó bẹ́ẹ̀."

Ilẹ̀kùn tún dún. Mo gbọ́ ara mi tí mò ń béèrè bóyá ó ti parí. Ó ní òun ti parí. Ohùn náà pé, kò já.

Láti ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n, Bàbá ò pe orúkọ mi rí. Ìyàwó ló ń pè mí. N kò mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n pè dáadáa bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn náà ló tó yé mi ìdí tó fi gbọnrí sí gbogbo orúkọ tí ọkọ mi dá. Kò sí orúkọ kankan nínú ohun tí a ti ń wá láti Mọ́ńdè.

Gbogbo ojú wá sára mi. Mo wo àwọn obìnrin ilé. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Mo wo ọkọ mi. Ó ń sunkún, kò sì nù ún. Abímbọ́lá gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, mo tẹ etí rẹ̀ mọ́ ẹnu mi, mo pè é ní Olúwapamílẹ́rìn. Alàgbà ní àwọn ò gbọ́, mo sì tún un pè.

Bàbá nawọ́ òsì. Mo gbé ọmọ lọ bá a, mo rò pé òun ló fẹ́ gbà, mo ń wá bí màá ṣe gbé e lé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣì lágbára. Ó gbọnrí. Ó na ọwọ́ náà kọjá lórí ọmọ, ó sì gbé e lé mi lórí.